Ojú Lọ́rọ̀ Wà: Bí Nọ́ọ̀sì Ṣe Ń Wo Aláìsàn Kó Tó Pinnu

   

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo gbé wá lónìí. N kò wá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ gígún, n kò sì wá sọ̀rọ̀ egbò fífọ̀. Ohun tó ṣáájú abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò: bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn, tó ń bi í léèrè, tó ń ka èémí rẹ̀, tó ń fọwọ́ kàn án, kó tó pinnu pé ẹni yìí lè ní sùúrù díẹ̀, ẹni tọ̀hún kò gbọdọ̀ dúró rárá. Ìka ò dọ́gba, ara náà ò sì dọ́gba. Àìsàn kan náà lè wọ ara ìkókó, kó wọ ara aboyún, kó wọ ara arúgbó, kó sì yọjú lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn gbogbo wọn, ẹ̀mí tó yẹ kó yè lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kanra ní ọsibítù. A ó ní, "Orí ló ń fọ́ mi, ẹ fún mi lóògùn kí n máa lọ, kí ni ti ìbéèrè rẹpẹtẹ?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè yẹn. Òun gan-an ni ìdajì ìtọ́jú. Florence Nightingale, ìyá Gẹ̀ẹ́sì tó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òde òní lélẹ̀, kọ ìwé kan tó jáde ní 1859 tí wọ́n ń pè ní Notes on Nursing. Odidi orí kan ló yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún bí a ṣe ń kíyè sí aláìsàn. Ilé ẹ̀kọ́ tí obìnrin yìí dá sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas' ní London ni Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó padà sílé. Ní 1964, ó di mátírọ́nù ní ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Nítorí náà, àkíyèsí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń fi í ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Ká ní ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ dé ilé ìwòsàn alábọ́dé, ó ní ọmọ ń wúkọ́, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ṣé ikọ́ lásán ni, àbí òtútù àyà? Ọmọ náà ò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ kò ní já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Yóò ní, "Ìyá, ẹ jókòó, ẹ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ná," nítorí ọmọ tó ń ké kì í mí bó ṣe máa ń mí. Bí ọmọ bá ti dákẹ́ lórí itan ìyá rẹ̀, tí ó sì ti fi ọyàn sílẹ̀, wọ́n á ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí àyà àti ikùn lè hàn dáadáa. Nọ́ọ̀sì á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí ikùn náà ṣe ń gbéra: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, títí ìṣẹ́jú kan gbáko yóò fi pé. Kì í ka ìlàjì ìṣẹ́jú kó wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí èémí ọmọdé kì í lọ déédéé. Ó lè yá, ó lè falẹ̀, ó tilẹ̀ lè dúró díẹ̀ kó tó tún máa bá a lọ.

Kí ni ó ń wá nínú iye yẹn? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti fi ààlà lélẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, bó bá mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, mímí rẹ̀ ti yá jù. Ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11, ààlà tirẹ̀ ni 50. Ọmọ tó ti pé ọdún 1 tí kò tíì pé ọdún 5, ààlà tirẹ̀ ni 40. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ìgbà 12 sí 20 ló ń mí. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí ìkókó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá mí ní ìgbà 45, àlàáfíà ni. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá mí ní ìgbà 45 kan náà, tó sì ń wúkọ́, òtútù àyà ni nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tí kò bá béèrè ọjọ́ orí, iye tó kà kò wúlò fún ohunkóhun.

Lẹ́yìn kíkà, á wo ìsàlẹ̀ ìhà ọmọ náà: ṣé ó ń wọnú nígbà tí ọmọ bá fa èémí? Á wá bi ìyá ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ó lè mu ọyàn tàbí omi? Ṣé gbogbo ohun tó bá gbé mì ló ń bì? Ṣé gìrì mú un? Á sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá ọmọ náà ń ṣojú, àbí ó kàn ń sùn tí kò ṣeé jí. Bí ọmọ kò bá lè mu ọyàn tàbí omi, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó gbé mì, tàbí tí gìrì mú un, tàbí tí kò ṣeé jí, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Wọ́n á fún un ní oògùn àkọ́kọ́, ó di ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀.

Ìkókó tún wá yàtọ̀. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ẹ̀jẹ̀ àgbà, ara rẹ̀ sábà máa ń gbóná. Ti ìkókó lè wọ̀ ọ́ lára kí ara rẹ̀ sì tutù. Bí òṣùwọ̀n bá fi hàn pé ìgbóná ara ìkókó kò tó 35.5°C, ewu ni, bí ìgbà tó bá tó 38°C tàbí tó lé náà ni. Ìyá tó ní "ara ọmọ mi ò gbóná, kò sí nǹkan tó ń ṣe é," ṣùgbọ́n tí ọmọ náà kò fa ọyàn bíi tàná mọ́, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan ń ṣe é.

Ibà pọ́njú ìkókó ńkọ́? Lára ọmọ adúláwọ̀, ojú lásán lè tan ènìyàn jẹ, pàápàá lábẹ́ iná gílóòbù. Nọ́ọ̀sì á gbé ọmọ sún mọ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè bà á. Á fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀, á gbé ìka kúrò, á sì wo àwọ̀ tó kù níbẹ̀. Á wo ẹyinjú, á wo èrìgì, á wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ara ọmọ bá pọ́n kí ó tó pé wákàtí 24 láyé, tàbí tí pípọ́n náà bá ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí á máa gbé ọmọ sí oòrùn. Ohun tó ń mú ara pọ́n yìí lè wọ ọpọlọ, kó di ọmọ létí tàbí kó sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára títí ayé. Nọ́ọ̀sì á tún béèrè ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìyá kò retí: "Ṣé ẹ fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ?" Kì í ṣe òfófó ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, ni wọ́n bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Òórùn kánfọ̀ lásán lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa wó lulẹ̀, kí ibà pọ́njú sì gbé e dè. Ìbéèrè kan yẹn lè gba ọpọlọ ọmọ là.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn aboyún. Orí fífọ́ lára èmi àti ẹ̀yin lè jẹ́ ti àárẹ̀ tàbí ti oòrùn. Orí fífọ́ lára aboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ fojú àárẹ̀ wò ó kó tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, á ní kí ó lọ tọ̀ sínú ife kí wọ́n lè wò ó bóyá èròjà purotéènì wà nínú ìtọ̀ náà. Á bi í pé: "Ṣé ojú yín ń ṣú? Ṣé òkè ikùn ń dùn yín? Ṣé òrùka yín ṣì ń wọlé sí ìka bíi ti tẹ́lẹ̀?" Bí gìrì bá fẹ́ mú aboyún, wọ̀nyí ni ìkìlọ̀ rẹ̀. Oògùn tó ń dènà rẹ̀ ni magnesium sulphate. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 33, tó jáde ní 2002, fi hàn pé ó dín ewu gìrì náà kù ju ìdajì lọ.

Ṣùgbọ́n oògùn yìí kan náà, bó bá pọ̀ jù lára, ó lè dá èémí dúró. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì kì í fi kàn fa abẹ́rẹ́ kejì nítorí pé aago ti lù. Ó ní ohun mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Á fi òòlù rọ́bà kékeré kan orúnkún ìyá náà, kó rí i bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń ta. Á ka èémí rẹ̀, kò gbọdọ̀ dín ní 16 ní ìṣẹ́jú kan. Á wo ìtọ̀ tó ti tọ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin, kò gbọdọ̀ dín ní mílílítà 30 fún wákàtí kan. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, á dá abẹ́rẹ́ dúró, á sì ké sí dókítà. Ẹ̀yin ará mi, ìyá àgbẹ̀bí tó dúró ti ibùsùn lóru, tó ní oògùn lọ́wọ́ tó sì mọ ìgbà tí kò yẹ kó fún un, iṣẹ́ ọpọlọ ló ń ṣe.

Lẹ́yìn ìbímọ, ewu tó tóbi jù ni ẹ̀jẹ̀ dídà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ojú lásán díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó dà. Ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú aṣọ, ó ń wọ inú tìmùtìmù, ó ń ṣàn sílẹ̀, ojú ò sì lè rí gbogbo rẹ̀ tán. Ara ìyá tó jẹ́ ọ̀dọ́ sì máa ń tan ni jẹ: ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ máa sáré, ìfúnpá rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà títí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ á fi ti lọ, kó tó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2023, èsì ìwádìí kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE jáde. Ọsibítù 80 ló kópa, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, àwọn ìyá tó bímọ níbẹ̀ sì lé ní 200,000. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Yunifásítì Bayero ní Kánò wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan tí wọ́n fa ìlà òṣùwọ̀n sí lára sábẹ́ ìdí ìyá, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú rẹ̀, kí àgbẹ̀bí sì lè máa ka iye rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń pọ̀, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìtọ́jú ló ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: ó ń wọ́ ilé ọmọ kó lè sún kì, ó ń fún ìyá ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ le àti èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó ń fa omi sí i lára, ó sì ń yẹ ojú ara wò bóyá ó ya.

Ẹ wá gbọ́ èsì rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nínú ìyá 100 tí ẹ̀jẹ̀ dà lára wọn jù, bíi 51 péré ni àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá náà, wọ́n mọ̀ nípa 93. Ẹ̀jẹ̀ dídà tó le koko sì dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Àwọn oògùn yẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé àgbẹ̀bí rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò, ó sì ní àṣẹ láti pinnu lójú ẹsẹ̀.

Ó kan àwọn àgbà wa báyìí. Ìyá àgbà kan wà tó ń ṣe àwàdà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lánàá. Lónìí, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú, ó ń sùn lọ́sàn-án, ó sì ń bá ògiri sọ̀rọ̀ lóru. Àwọn kan nínú ẹbí á ní ogbó ni, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì á béèrè ohun kan ṣoṣo: "Láti ìgbà wo?" Bí ẹ bá dáhùn pé ó ti tó ọdún mélòó kan tó ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ní láti ìjẹta ni, àìsàn ńlá lè wà nínú ara. Ó lè jẹ́ òtútù àyà, ó lè jẹ́ kòkòrò nínú ìtọ̀, ó lè jẹ́ ṣúgà tó lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ àìmu omi tó, ó sì lè jẹ́ oògùn tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn. Ara àgbà lè má gbóná rárá kí àrùn sì ti kún inú. Iyè tó dàrú yẹn lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí ẹ ó rí.

Ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n la gbọ́dọ̀ tún rò wò lára àgbà. Bí a bá fa awọ ikùn ọmọdé tó ń yàgbẹ́ gbuuru sókè, tí kò tètè padà, a mọ̀ pé omi ti tán lára rẹ̀. Awọ arúgbó kì í tètè padà bẹ́ẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹnu, ahọ́n àti ìtọ̀ ni nọ́ọ̀sì á yíjú sí. Baba tí ìfúnpá rẹ̀ ti ń wà ní 160 láti ọjọ́ pípẹ́, bó bá ṣàdédé já sí 105, ìwé lè sọ pé ó dára, ara baba ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn bíi propranolol tàbí atenolol, ọkàn rẹ̀ lè má sáré bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ tó. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè ní ìkọlù ọkàn láìsí pé àyà dùn ún. Òógùn lè bò ó, èébì lè máa gbé e, agbára lè tán lára rẹ̀, kó sì ní ọbẹ̀ àná ni kò bá òun lára mu.

Ẹ̀rọ pàápàá kì í wo gbogbo ènìyàn bákan náà. Ẹ mọ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka láti mọ bí atẹ́gùn ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2020, àwọn onímọ̀ ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, gbé èsì kan jáde. Nígbà tí ẹ̀rọ yìí kà 92 sí 96, tó túmọ̀ sí pé kò sí ewu ńlá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an fi hàn nígbà mìíràn pé ọ́síjìn ti dín ní 88. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 12 nínú 100. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, kò ju nǹkan bí ìgbà 4 lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ ara sì ń dí ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó bá rí 94 lórí ẹ̀rọ, tó sì rí aláìsàn tí kò lè parí gbólóhùn kan kó tó mí, ojú rẹ̀ ni kó gbà gbọ́. Kó wo ètè àti ahọ́n, kó ka èémí, kó ké sí dókítà. Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi, bí wọ́n bá ní kí ẹ pa kúútẹ́ẹ̀sì ìka kan rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Òun náà máa ń ṣi ẹ̀rọ yìí lọ́nà.

Ìrora ńkọ́? Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni òṣùwọ̀n, bí kò bá sì lè sọ̀rọ̀, ojú, ẹsẹ̀ àti igbe rẹ̀ ni. Ẹni tó ní sickle cell lè máa tẹ fóònù kó sì máa jẹ̀rora tó ń gbọn egungun rẹ̀, nítorí ó ti kọ́ láti bá ìrora gbé láti kékeré. Kò yẹ kí a sọ fún un pé àṣejù ni. Bí ibà bá sì wà pẹ̀lú ìrora náà, tí àyà ń dùn ún, tí èémí rẹ̀ ń yá, pàjáwìrì ni. Bákan náà, àwọn mìíràn á wá ní orí àwọn ń gbóná, nǹkan ń rìn káàkiri ara àwọn bí èèrà, gbogbo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á sì mọ́ kedere. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń gba ẹnu ara sọ̀rọ̀ báyìí lọ́dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì tó fa àga sún mọ́ ibùsùn, tó béèrè bí oorun, oúnjẹ àti ilé ṣe rí, lè rí ìdí ọ̀rọ̀ tí yàrá àyẹ̀wò kò rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹ gbọ́. Iye tí ẹ bá kà, ẹ fi wé ọjọ́ orí aláìsàn, ẹ fi wé bó ṣe wà lánàá, ẹ fi wé oògùn tó ń lò, ẹ sì fi wé ohun tí ojú yín rí. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ẹ tún un kà. Bí ẹ bá pe dókítà, ẹ má kàn sọ pé "ara rẹ̀ ò yá." Ẹ sọ iye, ẹ sọ ìgbà tó yí padà, ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe àti ohun tí ẹ fẹ́ kó wá ṣe. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ padà lọ wò ó.

Ẹ̀yin aláṣẹ náà, ẹ gbọ́. Kíka èémí ọmọ kan gba ìṣẹ́jú kan gbáko. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí ẹ fi sí wọ́ọ̀dù tó kún bámúbámú kò ní ìṣẹ́jú náà láti fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbà wọ́n síṣẹ́, ẹ san owó wọn lásìkò, ẹ ra ohun èlò fún wọn.

Ẹ̀yin ará ilé, ti yín ló kù. Bí ẹ bá ń lọ sí ọsibítù, ẹ kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò sínú àpò kan, títí kan àgbo àti àgúnmu, kí ẹ sì sọ òtítọ́ nípa wọn. Nọ́ọ̀sì ò ní bá yín jà, ó kàn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ara ni. Ẹ̀yin lẹ mọ bí aláìsàn yín ṣe máa ń rí nígbà tí ara rẹ̀ dá, nítorí náà bí ẹ bá rí ìyípadà, ẹ sọ ọ́, bí wọn kò bá tètè dá yín lóhùn, ẹ tún un sọ. Ọmọ tó kọ ọyàn, aboyún tí orí ń fọ́ tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, àgbà tí iyè rẹ̀ ṣàdédé dàrú, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ẹ gbé wọn dé ọsibítù lóru ọjọ́ náà gan-an.